Ó Jalè, Àbí Olè Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé. Bí ẹ bá dúró létí odò Ògùn, ní apá ibi tí ó ti ń gba ẹ̀yìn Mile 12 kọjá lọ sí ọ̀sà, kí ni ẹ rí? Ẹ ó ní odò ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ rí láàárọ̀ ti bá tirẹ̀ lọ kí ó tó di ọ̀sán. Omi mìíràn ti rọ́pò rẹ̀, láti òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà a fà, a sì dákẹ́ bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ní ọdún 2010, nígbà tí òjò pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, odò yìí kan náà wọlé tọ àwọn ènìyàn lọ ní Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú àti ní àyíká Mile 12. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sá fi ilé sílẹ̀. Odò Ògùn náà ni à ń pe gbogbo rẹ̀. Kí wá ni ó sọ ọ́ di ọ̀kan ṣoṣo? Ṣé ohun kan tó wà ni odò, àbí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yìí ti da àwọn onírònú ayé rú fún nǹkan bí 2,500 ọdún. Ó sì da àdúgbò wa ní Kétu rú fún odindi oṣù kan. Ti àdúgbò ni n ó kọ́kọ́ sọ.

Ní ọdún 2016, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa fo ògiri wọ àgbàlá wa lóru, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ńlá o. Èyí kékeré tí gbogbo Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour" ni. Ṣùgbọ́n òun ni ìyàwó mi fi ń ránṣọ lóru nígbà tí NEPA bá ti ṣe tiwọn. Ọdún Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn kan kò rí aṣọ wọn wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọn kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ títí dòní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ tẹ ọmọ náà níbi tí ó ti ń jí ti ẹlòmíràn gbé. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló gbé tiwa pẹ̀lú. Kóòtù rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ti pé a óò rí jẹnẹrétọ̀ wa, ó ti tán nìyẹn.

Nígbà tí ó jáde, kò wálé. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní apá Ìjẹ̀bú. Ọdún 2022 ni a tún fojú kàn án ní Kétu. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata ní Mile 12, ti gba ṣọ́ọ̀bù fún un ní ojú títì wa. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí ó kọ́: iṣẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀! Ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ ni yóò wá máa bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Àdúgbò gbóná. Wọ́n pe ìpàdé onílé àti ayálégbé.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa ló sọ ọ́. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora." Ó jókòó. Gbogbo ilé ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀."

Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò dáhùn láìdìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o. Àmọ́ àwọn baba kan náà ló sọ pé ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ." Gbogbo ilé tún ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀."

Ẹ kíyè sí i pé aṣọ ló wà nínú òwe méjèèjì. Òwe kìíní ní bí ènìyàn bá pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ kò pààrọ̀. Òwe kejì ní ẹni tí o mọ̀ lánàá ti di nǹkan mìíràn. Bí o bá ṣe bí ẹni pé kò tíì dà á, ìwọ ni wọn yóò tú sí ìhòòhò. Ìpàdé tú láìrí ojútùú. Wọ́n ní kí èmi tí wọ́n jí nǹkan mi, tí mo tún jẹ́ oníwèé ìròyìn, lọ rò ó, kí n wá sọ tèmi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ìròyìn máa ń sọ ènìyàn di atọpinpin ohun tí kò kàn án, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù sì mọ̀ mí dáadáa. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ti rí i pé ìjà bàbá rélùwéè àti Alhaja kì í ṣe ìjà tuntun rárá.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Heraclitus, ará Éfésù, ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí nínú Bíbélì. Ilẹ̀ Tọ́kì ni a ń pe ibẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí 500 ọdún kí a tó bí Jésù, ó ti ń sọ pé gbogbo nǹkan ń ṣàn bí odò, àti pé omi tuntun ni ń bá ẹsẹ̀ ẹni tó bá wọ odò. Alhaja wa nìyẹn. Láàárín àkókò kan náà, Parmenides ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì ní irọ́ ni. Ó ní ohun tó wà, wà ni, kì í yí. Ojú wa ló ń tàn wá. Aristotle wá lẹ́yìn wọn, ó gbìyànjú láti là wọ́n níjà. Ó ní nǹkan ń yí o, ṣùgbọ́n ohun kan wà nísàlẹ̀ tó ń gbé ìyípadà wọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé ẹ̀wù wọ̀. Bàbá rélùwéè nìyẹn, kò kù síbì kan. Nǹkan bí 2,000 ọdún ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù fi tẹ̀lé Aristotle lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn òyìnbó ń pe ìmọ̀ àwọn tó ń bẹ lẹ́yìn Alhaja ní process philosophy. Ẹ jẹ́ kí àwa máa pè wọ́n ní ọmọlẹ́yìn ayé-ń-lọ. Èrò wọn ni pé ayé kì í ṣe yàrá tí a kó ẹrù sí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí a sì ń pè ní nǹkan, bí òkúta, ilé, tàbí ènìyàn, ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò yára ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jẹ́ ọmọlẹ́yìn kan náà tó, ìjà pọ̀ láàárín wọn, ìjà ọ̀hún ló sì kan ọ̀ràn jẹnẹrétọ̀ mi.

Ní Íńdíà, àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ní kò sí ohun tó dúró, àní ènìyàn fúnra rẹ̀ kò ní ẹnì kan pàtó tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí mo ti kà á báyìí ni ọkàn mi já. Bí ẹni tó jalè ní 2016 kò bá sí mọ́, ta ni yóò san owó mi? Àṣé ọba kan ti bèèrè rí. Milinda ni orúkọ rẹ̀, Gíríìkì ni, òun náà ni wọ́n ń pè ní Menander. Ó jọba ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Jésù. Ìwé ọ̀rọ̀ tí òun àti ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Nagasena jọ sọ wà títí dòní. Nagasena ní kí ọba wo fìtílà tí wọ́n tàn láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ṣé iná alẹ́ ni iná òwúrọ̀? Rárá. Ṣé iná mìíràn pátápátá ni? Rárá náà ni. Èyí ló bí ìyẹn. Ó tún sọ ti ẹni tó jí máńgòrò ká, tó wá ń sọ pé máńgòrò tí òun ká kọ́ ni èyí tí olóko gbìn. Nagasena ní kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un, jìbìtì ni. Èyí tó gbìn ló bí èyí tó ká, nítorí náà ó jẹ̀bi. Bí ayé tilẹ̀ ń lọ, gbèsè ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà tún gbérí. Hegel, ará Jámánì tó kú ní 1831, ní ìjà ni ń mú ayé lọ. Èrò kan yóò jáde, òdìkejì rẹ̀ yóò kọlù ú, ẹ̀kẹta yóò jáde nínú ìjà náà. Ẹni tó bá ti lọ sí ìpàdé onílé rí yóò mọ ohun tó ń sọ, bí ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ í sábà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Henri Bergson, ará Faransé, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1927. Ó ní aago ń tàn wá jẹ, nítorí ó ń gé àkókò wẹ́wẹ́ bí ẹran, bẹ́ẹ̀ àkókò gidi kò ní ojú gígé. Ó ní bí o bá da ṣúgà sómi, o gbọ́dọ̀ dúró kí ó yọ́. Ìdúró náà kì í ṣe nọ́ńbà, ìgbé ayé rẹ ni. Ẹni tó bá ti fi ebi dúró ti gàárì kí ó rin kò nílò Bergson láti mọ ìyẹn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Alfred North Whitehead, gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1861. Onímọ̀ ìṣirò ni. Òun àti Bertrand Russell ló kọ ìwé ìṣirò ńlá kan ní apá mẹ́ta láti 1910 sí 1913. Ọmọ ọdún 63 ni nígbà tí yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gbà á ní 1924 láti wá kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, nígbà tí ẹlòmíràn ń ronú ìfẹ̀yìntì. Ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Process and Reality jáde ní 1929. Ó yàtọ̀ sí Bergson ní ti pé ó ní ayé ń kán tótó bí omi ni, ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan tẹ̀lé òmíràn. Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan a gba gbogbo ohun tó ti kọjá sínú ara rẹ̀, a fi ṣe nǹkan tirẹ̀, a sì di ohun tí àwọn tó ń bọ̀ yóò gbà. Ohun tó ti kọjá kò ṣe é parẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń pinnu èyí tó kàn. Àyè kékeré kan máa ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tuntun.

Charles Hartshorne, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Whitehead ní Harvard tó sì lo 103 ọdún láyé kí ó tó kú ní 2000, mú ọ̀rọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Ọlọ́run pàápàá ń gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáyé mọ́ra, ó sì ń dùn Ún. Ní 1973, John Cobb àti David Griffin dá ibùdó ìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní Claremont ní Kalifóníà. Àwọn tó gbà pé Ọlọ́run kì í yí padà kò gbà fún wọn, ìjà ọ̀hún sì ń lọ.

Ẹnìkan yóò ní, "Gbogbo òyìnbó lẹ ń dárúkọ, tiwa ńkọ́?" Tiwa wà, tìjàtìjà náà ni. Ní 1945, Placide Tempels, àlùfáà Bẹ́ljíọ̀mù ní Kóńgò, tẹ ìwé kan jáde pé lójú àwọn Bantu, kí nǹkan wà ni kí ó ní agbára, agbára náà sì ń pọ̀ sí i tàbí kí ó máa dín kù. Senghor, tó ṣe ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà láti 1960 sí 1980, da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti Bergson. Ó ní bí ènìyàn dúdú ṣe ń mọ ayé nìyẹn. Paulin Hountondji, ọmọ ilẹ̀ Benin tó kú ní 2024, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 pé kí wọ́n yé é. Odindi ìran kì í ní èrò kan ṣoṣo. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni kí ẹni tó ní orúkọ sọ tirẹ̀, kí ẹlòmíràn dá a lóhùn. Mo gbè é lẹ́yìn níbẹ̀. Àdúgbò kan ṣoṣo ní Kétu kò lè fẹnu kò lórí jẹnẹrétọ̀ kan, ta ni yóò wá sọ fún mi pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò lórí bí ayé ṣe rí?

Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà nínú ìmọ̀ yìí ní Nàìjíríà, ní kí a má tìtorí ìyẹn ju ti àwọn baba wa nù. Ó ní àríyànjiyàn gidi wà nínú Ifá, ó sì gbé Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates nínú ìwé rẹ̀ kí ó tó di olóògbé ní 2018. Wándé Abímbọ́lá náà ti kọ ọ́ ní 1975 pé inú ọ̀rọ̀ ìṣe "wà" ni "ìwà" ti jáde. Ẹ wò ó dáadáa. Ìwà ẹni ni wíwà ẹni, bí ó ṣe ń wà lójoojúmọ́. Ayé-ń-lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ló tún ní orí àti àkúnlẹ̀yàn, ohun tí ènìyàn ti yàn kí ó tó dáyé, tí wọ́n ní kò ṣe é pààrọ̀. Bí ẹ bá sì ní kí a gbà bẹ́ẹ̀, ẹnìkan yóò rán yín létí ẹsẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Ìjà bàbá àti Alhaja ti wà nílé kí òyìnbó tó dé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mo mọ ohun tí n ó sọ. Bí olè bá jẹ́ olè títí láé, kí ni a rán an lọ sẹ́wọ̀n fún? Bí ó bá sì ti di ẹlòmíràn pátápátá, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó jẹ̀ wá ní nǹkan kan. Ọ̀nà tí Whitehead là sáàárín méjèèjì ló wù mí. Ṣùgbọ́n kí alága tó pè mí, ìyàwó mi ti dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin màmá wa, mo kúnlẹ̀ o. Èmi ò mọ̀ bóyá ọmọ yìí ti yí padà tàbí kò tíì yí padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owó jẹnẹrétọ̀ mi ò tíì yí padà. Bó bá ti di ẹlòmíì, kí ẹlòmíì yẹn wá san án."

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Màá san án, mà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n màá san án." Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Nígbà tí alága yíjú sí mi pé, "Bàbá Tọ́pẹ́, ìwọ ńkọ́?" mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa san gbèsè, kí a sì máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi san án. Ìyàwó mi ń kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣí títí dòní. Bàbá rélùwéè kò tíì gbé tirẹ̀ lọ síbẹ̀ rí. N kò dá a lẹ́bi, nítorí ohun tó kọjá kò parẹ́ lóòótọ́. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá ń kọjá, yóò dọ̀bálẹ̀ kí i, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, inú ẹnu wa ni ó sì wà. Ẹ lọ bá ìyá alátà kan ní Mile 12, kí ẹ ní kí ó sọ bí tòmátì rẹ̀ ti rí. Yóò ní ó pọ́n. Bí ó bá dọ̀la, yóò ní ó rọ̀. Bí ó bá di ọ̀túnla, ó rà. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni gbogbo rẹ̀. Tòmátì ń ṣe nǹkan, kò kàn jókòó kí ó jẹ́ nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìwá ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn. Èdè wa fún wa ní ẹ̀bùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà fún wa ní "ni." A lè sọ pé, "Ó jalè." Ìyẹn ní ọjọ́, ó ní òru, ó ní ògiri tí wọ́n fò, ó sì ní gbèsè tó ṣe é san. A sì lè sọ pé, "Olè ni." Ìyẹn kò ní ọjọ́ kankan. Kò sí kóòtù tó lè parí rẹ̀, kò sì sí iye oṣù tí ènìyàn lè fi san án tán.

Mo bẹ̀ yín, ẹ máa ṣọ́ "ni" yìí lẹ́nu yín, pàápàá nílé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mú ìwé wálé láti ilé ẹ̀kọ́, tó gba òdo nínú ìṣirò, ẹ bá a wí bó bá yẹ. Ẹ sọ fún un pé ó gba òdo, nítorí òótọ́ ni. Ẹ jókòó tì í kí ó tún ìṣirò náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní olódo. Òdo náà wà lórí ìwé ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe orúkọ tí ẹ sọ ọmọ yín lọ́jọ́ kẹjọ.